"Mo Gbọ́" Kì í Ṣe Èsì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn mi, jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní Èbúté Ìkòròdú, a ń wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Èkó bọ̀. Ọmọ yìí ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tí ń darí ọkọ̀ òfurufú ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Zaria, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ìsinmi ló wá lò nílé, ìdánwò sì ń bẹ níwájú rẹ̀. Ló bá fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe awakọ̀ bàálù. Èmi ni n óo jẹ́ táwà. Ohun tí mo bá sọ, ẹ̀yin náà ẹ dá mi lóhùn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó dáa. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n gba ọ̀nà Alfa, mo tún un sọ. Ó ní kí n yà sí ọ̀nà Bravo, mo tún ìyẹn náà sọ. Inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Hold short of runway one eight left."

Mo ní, "Roger."

Kíá ló gbójú sókè. Ó ní, "Háà, Bàbá, ẹ ti kùnà. 'Roger' kọ́ ni kí ẹ sọ níbẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ènìyàn lè kú o."

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni mo sọ ní ọdún 1984, tó kù díẹ̀ kí ènìyàn kú lóòótọ́, tí ọmọlúàbí kan sì jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún. N kò sọ ọ́ fún ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ mi rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó bá wọ bàálù, ìgbà tó bá wà lókè ni àyà wa máa ń já. Bó bá ti balẹ̀, a óo pàtẹ́wọ́, a óo ní ewu ti kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ewu tilẹ̀ ń bẹ. Kí bàálù tó gbéra, ó ní ìrìn tó gbọ́dọ̀ rìn nílẹ̀. Bó bá sì balẹ̀ tán, ó ní ìrìn tí yóò rìn kó tó dé ibi tí èrò yóò ti sọ̀. Àwọn ọ̀nà kékeré ló máa ń gbà, tí wọ́n fi A, B, C pè, ṣùgbọ́n Alfa, Bravo, Charlie ni wọ́n ń pè wọ́n lórí rédíò kí lẹ́tà kan má bàa jọ èkejì létí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pe 9 ní "niner", tí wọ́n ń pe 3 ní "tree", tí wọ́n sì ń pe 5 ní "fife". Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ lè rò pé wọn kò gbọ́ Òyìnbó dáadáa ni. Rárá o, ìbẹ̀rù àṣìgbọ́ ló fà á.

Ọ̀nà ńlá tí bàálù ń sáré lé kó tó fò, tó sì ń balẹ̀ sí, òun ni rọ́nwéè. Bí ẹ bá mú pápá ọkọ̀ òfurufú tó wà ní Ìkẹjà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Murtala Muhammed pè, rọ́nwéè méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí irin rélùwéè. Ẹni tó bá dúró ní ìhà àríwá, tó kọjú sí gúúsù, 180 ni kọ́ńpáàsì yóò fi hàn án. Wọn á yọ òdo kúrò nídìí rẹ̀, á ku 18. Ẹni tó bá kọjú sí àríwá, 360 ni yóò rí, á di 36. Nítorí pé méjì ni wọ́n, wọ́n fi òsì àti ọ̀tún kún orúkọ wọn. Nítorí náà, èyí tí í ṣe one eight left fún ẹni tó ń lọ sí gúúsù, òun náà ló ń jẹ́ three six right fún ẹni tó ń lọ sí àríwá. Ọ̀nà kan, orúkọ méjì. Ẹ̀yin náà rí i pé kò le kí ènìyàn ṣì í.

Níbi tí ọ̀nà kékeré bá ti fẹ́ pàdé rọ́nwéè, wọ́n fa ìlà mẹ́rin ní ọ̀dà ìyeyè sílẹ̀. Méjì kò ní àlàfo, méjì yòókù ní àlàfo. Bó bá jẹ́ èyí tí kò ní àlàfo lo kọ́kọ́ bá, dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi fún ọ láṣẹ. Bó bá jẹ́ èyí tó ní àlàfo lo kọ́kọ́ bá, a jẹ́ pé orí rọ́nwéè lo ti ń bọ̀, tètè kọjá kí o kúrò lọ́nà. Pátákó pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà rọ́nwéè sí. Lóru, iná aró ló wà létí àwọn ọ̀nà kékeré, iná funfun ló wà létí rọ́nwéè. Àwọn pápá mìíràn tún ní ìlà iná pupa tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lójú ibi tí ènìyàn ti ń dúró. Bí iná pupa yẹn bá ṣì ń tàn, bí táwà tilẹ̀ ní kí o máa lọ, o kò gbọdọ̀ lọ.

Kì í ṣe bàálù nìkan ni òfin yìí mú. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń rìn nínú pápá ló mú: ọkọ̀ panápaná, ọkọ̀ àwọn tí ń gé koríko, ọkọ̀ àwọn tí ń pààrọ̀ gílóòbù. Ibẹ̀ ni tèmi ti wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ti bàbá mi, nítorí pé ní èbúté yìí kan náà ló ti kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tó yẹ kó gbà mí.

Atukọ̀ ni bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ọkọ̀ onígi tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ló ń tù, ó ń kó èrò àti ẹrù láti Ìkòròdú lọ sí Èbúté Èrò: gàrí, ẹ̀fọ́, adìyẹ, igi ìdáná. Ìka mẹ́ta ló kù ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í pé kí ló ṣe méjì yòókù. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ló gé e."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, kí wọ́n tó bí mi, kùrukùru bo ojú ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ kò rí ẹni tó wà níwájú ọkọ̀ dáadáa. Bàbá ń bọ̀ wá gúnlẹ̀, ọkọ̀ mìíràn sì ń kúrò ní èbúté. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó dúró létí omi rí i pé àwọn méjèèjì fẹ́ forí gbárí, ló bá pariwo pé, "Má bọ̀! Má bọ̀!" Atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ́ńjìnnì ń dún. Ohun tí Bàbá gbọ́ ni, "Máa bọ̀! Máa bọ̀!" Ó kígbe padà pé, "Mo gbọ́ o!" Ló bá ń bọ̀.

Ẹ fi ẹnu yín pè é wò, ẹ̀yin òǹkàwé. Má bọ̀. Máa bọ̀. Lẹ́tà kan péré ló là wọ́n láàárín, síbẹ̀ ọ̀kan ní kí o wá, ìkejì ní kí o má wá. Ọkọ̀ méjèèjì fi ẹ̀gbẹ́ gbá ara wọn, ọwọ́ Bàbá sì wà láàárín.

Láti ọjọ́ náà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi òfin méjì lélẹ̀ láàárín ara wọn. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi "bọ̀" dá ọkọ̀ dúró mọ́. Bí o bá fẹ́ kó dúró, "Dúró!" ni kí o wí, "bọ̀" di ti ẹni tí ọ̀nà ti là fún nìkan. Èkejì, ẹni tí wọ́n bá ké sí kò gbọdọ̀ dáhùn pé "hẹ́n" tàbí "mo gbọ́." "Mo dúró!" tàbí "Mo ń bọ̀!" ni kó sọ, kí ẹni tó wà létí omi lè mọ ohun tí etí rẹ̀ mú.

Ẹ má sì rò pé àwọn atukọ̀ nìkan ló ń ṣe é. Ìyá wo ló wà nínú àwọn ìyá wa tí kì í ṣe é? Bí ìyá mi bá rán mi pé kí n lọ ra iyọ̀ tọ́rọ́ àti epo sísì, n kò ní tíì gbé ẹsẹ̀ kan kí ó tó ní, "Kí ni mo ní kí o rà?" Bí mo bá ní, "Mo ti gbọ́, Màámi," àbàrá ló ń tẹ̀lé e. Àfi kí n kà á padà: iyọ̀ tọ́rọ́, epo sísì. Àwọn Òyìnbó pe èyí ní "read-back", wọ́n sì sọ ọ́ di òfin fún gbogbo àgbáyé. Gbogbo àṣẹ tó bá jẹ mọ́ rọ́nwéè, ìbá à ṣe pé kí o wọ̀ ọ́, kí o rékọjá rẹ̀ tàbí kí o dúró lẹ́yìn ìlà rẹ̀, tìrẹ ni láti tún un sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí wọ́n ṣe rán ọ gẹ́lẹ́ ni kí o jẹ́ ẹ.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, síbẹ̀ mo ṣe ohun tí mo ṣe.

Ní ọdún 1984, mo ń wa ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ní pápá ọkọ̀ òfurufú kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa gbé àwọn tí ń pààrọ̀ gílóòbù iná etí rọ́nwéè kiri. Rédíò wà nínú ọkọ̀ mi, "Truck Three" sì ni orúkọ tí táwà ń pè mí. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ pé ara Bàbá kò yá, pé kí n tètè máa bọ̀ nílé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ iṣẹ́ yẹn ni ọkàn mi ti kúrò nínú pápá. Ọwọ́ mi wà lórí sítíárì, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti dé Ìkòròdú.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, a parí iṣẹ́, a sì fẹ́ rékọjá rọ́nwéè padà sí ọ́fíìsì. Mo dúró sídìí ìlà, mo pe táwà. Bàálù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ lójú mi, ó ń sáré kọjá lọ. Táwà dá mi lóhùn pé, "Truck Three, hold short of runway, you will cross after the landing aircraft."

Ohun tó ń sọ ni pé kí n dúró lẹ́yìn ìlà, pé bàálù kan ń bọ̀ wá balẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni òun yóò jẹ́ kí n rékọjá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, "cross" nìkan ni etí mi mú. Bàálù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níwájú mi ni mo pè ní "landing aircraft", n kò mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Roger." Mo tẹ iná mọ́ ọkọ̀.

Ẹni tó gbà wá lọ́jọ́ náà ni ọ̀kan nínú àwọn tí ń pààrọ̀ gílóòbù, tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín àwọn àkàbà. Kò gbọ́ rédíò, kò sì gbọ́ Òyìnbó púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Ṣàdédé ni mo gbọ́ tó ń fi ìkúùkù lu òrùlé ọkọ̀ gbà-gbà-gbà, tó ń ké pé, "Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀!" Mo wo ọ̀tún mi, mo rí iná méjì tó mọ́lẹ̀ yòò, kò sì ga nílẹ̀ mọ́. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ búrékì. Táyà iwájú ti wọ orí rọ́nwéè. Mo fa jíà ẹ̀yìn, kò kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀ẹ̀kejì ló tó wọlé. Awakọ̀ bàálù náà ti rí wa, ó gbé imú rẹ̀ sókè, ó sì kọjá lórí wa pẹ̀lú ariwo tí n kò lè gbàgbé títí tí n óo fi kú. Gbogbo ọkọ̀ wa ń gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Bàálù ńlá tó bá fẹ́ balẹ̀ lè máa sáré tó kìlómítà 250 ní wákàtí kan. Ìyẹn bí ìwọ̀n mítà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá gba píkọ́ọ̀pù ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré láti rékọjá, bàálù náà ti rin mítà 700. Kò sí àyè pé kí ènìyàn ní òun fẹ́ tún èrò rò.

Wọ́n pè wá. Wọ́n bi mí léèrè. Mo ní táwà ló ní kí n rékọjá. Kì í ṣe pé mo ń purọ́ o! Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní nìyẹn. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mo mú sípánà níwájú ọ̀gá mi, mo fi ẹnu kàn án, mo fi Ògún búra pé "cross" ni mo gbọ́. Nígbà tí wọ́n rí ìbúra mi, wọ́n ní kí ọkùnrin tó wà ní táwà lọ jókòó sílé kí wọ́n fi wádìí ọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Ìkòròdú lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá wà lórí ẹní, ibà ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó lè sọ̀rọ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ yẹn lé mi lórúnkún, ó ní, "Èsì wo lo fún wọn?"

Mo ní, "Mo ní mo gbọ́."

Ó ní, "'Mo gbọ́' kì í ṣe èsì. Kí lo gbọ́?"

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní kí n kọjá!" Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kọjú sí ògiri.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan. Téèpù wà lórí tábìlì, nítorí pé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lórí rédíò táwà ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, ó tutù, ó sì ṣe kedere: "Truck Three, hold short of runway." Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn ara mi: "Roger." Wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ó lè yí padà. Òógùn bò mí. Etí tí mo fi búra, etí náà ló ń jẹ́rìí lòdì sí mi.

Wọ́n gba iṣẹ́ inú pápá lọ́wọ́ mi, wọ́n fi mí sí ọkọ̀ tó ń kó ẹrù láti ìta. Mo ní ó tọ́ sí mi. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, tí ara rẹ̀ ti ń yá nígbà náà, kò bú mi. Ó ní kí ìyá mi di ẹja ọ̀bọ̀kún yíyan mẹ́ta sínú ewé, ó ní, "Gbé e lọ fún ọkùnrin yẹn, kí o sì dọ̀bálẹ̀."

Mo lọ sílé rẹ̀ ní Muṣin. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, kò kí mi. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn kò fara rọ fún wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mo fi yín búra èké, n kò sì mọ̀ pé èké ni."

Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Dìde, àbúrò. Tìrẹ nìkan kọ́. O ní 'Roger', èmi náà sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ní kí o tún un sọ. Ọwọ́ mi kún lọ́jọ́ náà, mo ní ó ti gbọ́." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju èébú lọ. Ọkùnrin tí mo dá lẹ́bi ló ń wá ẹ̀bi tirẹ̀ jáde.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tí mo bá rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì wá rí i pé àwọn tó gbọ́n jù mí lọ ti ṣubú sínú kòtò kan náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife tó jẹ́ ti ilẹ̀ Spain, bàálù Boeing 747 méjì pàdé lórí rọ́nwéè kan ṣoṣo nínú kùrukùru. Ọ̀kan jẹ́ ti KLM, èkejì ti Pan Am. Bọ́ǹbù tó bú ní pápá mìíràn ló gbé wọn débẹ̀, gbogbo wọn sì ń kánjú àtilọ. Awakọ̀ KLM sọ fún táwà pé àwọn ti wà ní "take-off". Táwà ní "OK", ó sì fi kún un pé kí wọ́n dúró de òun. Pan Am náà ń sọ lákòókò kan náà pé àwọn ṣì wà lórí rọ́nwéè. Ohùn méjèèjì kọlu ara wọn lórí rédíò, ó di ariwo. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà pẹ̀lú awakọ̀ KLM tilẹ̀ béèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò lọ́nà, bí ẹni tó lu òrùlé ọkọ̀ mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kò dúró. Ènìyàn 583 ló kú. Èèyàn 61 ló yè, inú Pan Am sì ni gbogbo wọn wà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ "take-off" mọ́ àfi nígbà tí wọ́n bá ń fún ènìyàn láṣẹ láti gbéra, tàbí tí wọ́n bá ń gba àṣẹ náà padà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, "departure" ni kí wọ́n wí. Nígbà tí mo ka èyí, mo gbé ìwé sílẹ̀. Òfin "bọ̀" àti "dúró" ti bàbá mi ni wọ́n ṣe yìí! Ìka méjì ló ná àwọn ará Èbúté Ìkòròdú, ẹ̀mí 583 ló ná àwọn yòókù.

Ní Amẹ́ríkà, títí di oṣù kẹfà ọdún 2010, bí táwà bá ní kí o máa lọ sí rọ́nwéè kan, o lè rékọjá àwọn rọ́nwéè yòókù tó wà lọ́nà láìtún béèrè. Láti ọjọ́ 30 oṣù náà ni wọ́n ti fi òpin sí i. Rọ́nwéè kọ̀ọ̀kan, àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọn kò bá sọ, má fi èrò tìrẹ dí i.

Ọmọ mi wá bi mí léèrè, lẹ́yìn tí mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, pé, "Bàbá, bí ẹ bá ti tún un sọ lọ́jọ́ náà, ṣé kò ní ṣẹlẹ̀?" Mo fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá Haneda, ní Tokyo, ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024. Bàálù kékeré kan tó fẹ́ gbé ẹrù ìrànlọ́wọ́ lọ fún àwọn tí ilẹ̀ mì lé lórí ni táwà sọ fún pé òun ni "number one", pé kó lọ dúró níbi ìdúró. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ, wọ́n sọ ọ́ pé bó ṣe yẹ. Síbẹ̀ wọ́n wọ orí rọ́nwéè, nítorí pé "number one" ti sọ fún ọkàn wọn pé ọ̀nà ti là. Bàálù ńlá tó kó ènìyàn 379 balẹ̀ lé wọn. Gbogbo àwọn 379 náà ló jáde láàyè, ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́fà tó wà nínú kékeré, márùn-ún kú. Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n dá pípe "number one" dúró ní Japan.

Nítorí náà, ẹnu nìkan kò tó. Ẹnu lè tún un sọ, kí ọkàn máa gbọ́ tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi ni pé: nígbà tí o bá wà ní táwà lọ́jọ́ kan, tí awakọ̀ kan bá ní "Roger" fún ọ, má ṣe gbà á. Ní kó tún un sọ. Bó bá tún un sọ tán, fi ojú rẹ tẹ̀ lé e títí wàá fi rí i pé ó dúró. Mo ní, "Ẹni tó ń kánjú wà níbẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn wà níbẹ̀. O kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀."

Kò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ̀ kan ń gúnlẹ̀, àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn. Ó wá ṣí ìwé rẹ̀ padà, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Hold short of runway one eight left."

Mo ní, "Hold short of runway one eight left."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní wa ọkọ̀ nínú pápá bàálù láé. Ṣùgbọ́n ẹ ń gba òògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ẹ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ ń rán ọmọ lọ sọ́jà. Kọ́ńdọ́ dáńfó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n: bí èrò bá ní "Ó wà o!", òun náà á ké e sí awakọ̀ pé "Ó wà!", kí awakọ̀ tó tẹ búrékì. Àgbọ́ìgbọ́tán, ìjà ní í dá sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ikú ni. Bí ẹnìkan bá ní òun ti gbọ́, ẹ má ṣe bínú sí i, ẹ kàn fi pẹ̀lẹ́ bi í léèrè bí bàbá mi ṣe bi mí: kí lo gbọ́?